Orlando Martins, Ọmọ Èkó Tí Ó Ṣeré Nínú Sinimá Òyìnbó

Ní ọdọọdún ni àwa tí a fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun máa ń rí àyè díẹ̀ gbà nínú ìwé yìí láti sọ ìtàn: ìtàn ìtẹ̀dó ìlú wa, ìtàn àwọn ọba wa, ìtàn àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ìwé wọ ìlú. Ní ọdún yìí, a tọrọ gáfárà láti yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà náà. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ọmọ Èkó ni. Ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá ti àwọn ọmọ ìlú wa tí ó wà ní ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà mu tó tirẹ̀, àwọn tí ó fi ọwọ́ wọn ṣe iṣẹ́ tí wọn kò lè ròyìn fún ará ilé, nígbà tí àwa nílé ń rò pé ohun gbogbo ń lọ déédéé.

Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù ni èyí. Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa ní ìtàn Èkó, a bi wọ́n léèrè ẹni tí Orlando Martins í ṣe. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, títí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn fi nawọ́ sókè, ó ní agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Bùràsíìlì ni. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, àwa pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ọmọ náà kò jìnnà sí òtítọ́ tó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rò, nítorí láti Bùràsíìlì ni orúkọ náà ti wá.

Ẹni tí ó bá ti rìn ní Erékùṣù Èkó dáadáa yóò ti rí àwọn ilé àtijọ́ tí a fi ọnà sí lójú fèrèsé ní àdúgbò tí à ń pè ní Pópó Àgùdà. Ilé àwọn Àgùdà ni ìwọ̀nyẹn, àwọn ọmọ Yorùbá àti ọmọ ẹ̀yà mìíràn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí àwọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀, wọ́n sì mú orúkọ bọ̀ pẹ̀lú: da Silva, Pereira, da Rocha, Martins. Inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni baba Orlando ti jáde. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ ilẹ̀ wa sì ni ìyá rẹ̀. Òpópónà Òkè Sùnnà ní Èkó ni a bí ọmọ náà sí, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899. Emmanuel Alhandu Martins ni orúkọ tí a sọ ọ́. Orlando ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Ní 1913 ó wọ Eko Boys' High School, ọdún náà gan-an tí a dá ilé ìwé náà sílẹ̀. Kò parí rẹ̀. Olùkọ́ ni wá, kò sì dùn mọ́ wa láti kọ gbólóhùn kúkúrú yẹn, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nìyẹn.

Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó gbé e kúrò nílé. Ó di òṣìṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí à ń pè ní Mauretania, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ó yára jù lọ lórí òkun nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òkè ọkọ̀ ni ó wà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Ìsàlẹ̀ ni, níbi tí iná ọkọ̀ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná lọ́sàn-án àti lóru, kí ọkọ̀ lè máa sáré. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà fi kọ́kọ́ dé ìlú Ọba. Nígbà tí ogun parí, Martins dúró sí London.

Ìgbà náà kò dára fún ènìyàn dúdú tí kò ní iṣẹ́. Ní 1919, àwọn aláwọ̀ funfun kọlu àwọn atukọ̀ dúdú ní Liverpool àti ní Cardiff, nítorí àwọn ọmọ ogun ti dé láti ojú ogun, iṣẹ́ kò sì kárí. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá. Ó ṣe ọlọ́dẹ òru. Ó bá ẹgbẹ́ eléré tí ń kó ẹranko kiri ṣiṣẹ́. Ó jẹ gídígbò fún owó lábẹ́ orúkọ kan tí ojú yóò tì wá láti pè létí ìyá rẹ̀: Black Butcher Johnson, èyí tí í ṣe Johnson Alápatà Dúdú. Ẹni gíga ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ bí ohùn ìyá ìlù. Ohun tí àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rí nìyẹn, wọ́n sì fi orúkọ tà á. Ní 1920 ó dúró lẹ́yìn àwọn oníjó ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí Diaghilev kó wá sí London, lára àwọn tí kò ní nǹkan kan í sọ, tí wọ́n kàn ń dúró kí ìtàgé lè kún. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn tí ń ṣe eré olórin Show Boat rìn láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí akọrin. Ní 1926 ni ó kọ́kọ́ fara hàn nínú fíìmù, ìyẹn If Youth But Knew. Fíìmù ìgbà náà kò tíì ní ohùn, nítorí náà ohùn ńlá tí Ọlọ́run fún un kò wúlò fún un níbẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ dídúró lẹ́yìn yìí, nítorí òun ni gbogbo ìtàn náà. Nínú sinimá, àwọn kan wà tí ìtàn jẹ́ tiwọn. Ojú wọn ni a ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn mìíràn wà tí ìtàn kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n tí ìtàn kò lè dúró láìsí wọn: ìránṣẹ́, ọlọ́pàá, baálẹ̀, arúgbó ẹnu ọ̀nà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé ìwà kan wọ̀ bí ẹ̀wù, tí wọn yóò bọ́ ọ sílẹ̀, tí wọn yóò sì gbé òmíràn wọ̀ lọ́la. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Òṣèré aláwọ̀ funfun tí ó bá yan irú iṣẹ́ yìí lè ṣe amòfin lónìí kí ó ṣe olè lọ́la. Ènìyàn dúdú ní London nígbà náà kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ dè é ni a kọ sílẹ̀ dè é, òmíràn kò sí.

Ní 1935 ni fíìmù Sanders of the River jáde. Zoltan Korda ni ó darí rẹ̀, láti inú ìtàn tí Edgar Wallace kọ, ilẹ̀ wa yìí gan-an, Nàìjíríà abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sì sọ pé ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Abúlé Áfíríkà tí wọ́n kọ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wáyé, àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn dúdú mìíràn tí ń gbé ní ìlú Ọba ni wọ́n sì háyà láti gbé inú abúlé náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Jomo Kenyatta, ẹni tí ó wá di olórí ilẹ̀ Kenya lẹ́yìn náà. Ìtàn fíìmù náà kò gùn: Ọ̀gbẹ́ni Sanders, aṣojú ìjọba, ni ó ń mú àlàáfíà wà ní etí odò, bí ó ti gba ìsinmi lọ báyìí ni ìlú dàrú, bí ó sì ti padà dé ni ó tòrò. Ọba búburú inú rẹ̀ ni wọ́n pè ní Mofolaba, orúkọ tí ó dún létí wa bí ti ẹnì kan tí à bá pàdé lọ́jà. Paul Robeson, akọrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe Bosambo, baálẹ̀ rere tí ó fẹ́ràn Sanders. Martins ṣe K'Lova, ipa kékeré. Nígbà tí Robeson rí bí wọ́n ti gé fíìmù náà tí wọ́n sì tò ó, ó bínú, kò sì fẹ́ kí a máa ka iṣẹ́ náà mọ́ òun mọ́. Robeson lè bínú; olókìkí ni. K'Lova gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ó sì lọ sílé.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin wa kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ gidi sọ. C.L.R. James, ọmọ ilẹ̀ Trinidad, kọ eré kan nípa Toussaint Louverture, ẹrú tí ó ṣáájú àwọn ẹrú Haiti láti gba òmìnira. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ṣe eré náà, ní oṣù Kẹta ọdún 1936, ní gbọ̀ngàn Westminster Theatre ní London. Robeson ni Toussaint. Robert Adams, ọmọ Guyana, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí bíi tiwa, ni Dessalines. Orlando Martins ni Boukman. Ta ni Boukman? Òun ni ó pe àwọn ẹrú jọ ní òru kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1791, tí wọ́n fi ìbọ mulẹ̀, tí ogun òmìnira sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Kí ọdún náà tó parí ni àwọn Faransé ti pa á. Ó yẹ kí ẹ ro ó wò: ọmọ àwọn tí ó padà bọ̀ láti oko ẹrú, ó dìde ní àárín London, ó ń pe àwọn ẹrú sí ogun, àwọn Òyìnbó jókòó wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, lẹ́yìn náà wọ́n kó ẹrù ìtàgé.

Ogun Hitler dé, ó sì kọjá lọ. Ní 1946 ni Martins gba ipa tí ó mú kí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ orúkọ rẹ̀, òun náà sì ni ipa tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù lọ. Men of Two Worlds ni orúkọ fíìmù náà, Thorold Dickinson ni ó darí rẹ̀. Ìtàn náà wáyé ní Tanganyika. Eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri ń bọ̀ sí abúlé kan, ìjọba sì fẹ́ kí àwọn ará abúlé ṣí kúrò. Kisenga, ọmọ abúlé náà tí ó ti di gbajúmọ̀ olórin ní London, padà wálé láti bá ìjọba bẹ̀ wọ́n. Robert Adams kan náà ni ó ṣe Kisenga. Ẹni tí ó dúró lọ́nà rẹ̀ ni Magole, Orlando Martins sì ni Magole. Magole sọ fún ọmọ náà pé yóò kú, ọ̀rọ̀ náà sì wọ ọ́ lára títí ó fi dùbúlẹ̀ àìsàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, bí ó ti kàwé tó nì.

Àwọn Òyìnbó ní orúkọ kan tí wọ́n fi ń pe irú ẹni tí Magole jẹ́, tí ó so àjẹ́ pọ̀ mọ́ oníṣègùn bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì. A ti gbìyànjú láti túmọ̀ orúkọ náà fún àwọn ọmọ kíláàsì, kò ṣe é túmọ̀. Nínú èdè wa, oníṣègùn ni à ń lọ bá kí àjẹ́ má baà pa wá. Ẹni tí ó bá ti pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó wà ní London kò dákẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí à ń pè ní WASU, tí Ladipo Solanke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925, ti gbọ́ nípa ìtàn fíìmù yìí kí a tó parí rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀hónú wọn hàn fún iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí àwọn ilẹ̀ àmúsìn. Wọ́n ní fíìmù náà yóò tàbùkù àwa ènìyàn dúdú lójú gbogbo ayé. Ẹjọ́ wọn tọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ń kọ́ òfin àti ìṣègùn, wọ́n ń wá ilé tí wọn yóò háyà, onílé sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nítorí ohun tí ó ti wò ní sinimá.

Kí ni kí á wá sọ nípa Martins? A ti bá àwọn àgbà kan jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ẹni tí ó bá gba owó láti fi ìran rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ti ta ìran rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, a kò sì lè fi ọwọ́ gbá a dànù. Ṣùgbọ́n a ti wo Magole, a sì rí i pé ẹni tí ó ṣe é kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé ìtàn ní kí ó jẹ́ ọ̀tá ìlọsíwájú. Ó ṣe é bí àgbà tí ó gba ohun tí ó ń sọ gbọ́, tí ilẹ̀ baba rẹ̀ sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀, ẹnu aṣojú ìjọba ń dà bí ẹnu ọmọdé. Bí ẹ bá tún béèrè lọ́wọ́ wa ohun tí ó yẹ kí ó ṣe dípò rẹ̀, a kò mọ̀. Ọlọ́dẹ òru ni ó ti ṣe rí, ó sì mọ bí ìyẹn ti rí. Ẹ̀bi púpọ̀ wà lọ́rùn ẹni tí ó di kálàmù àti ẹni tí ó di àpò owó mú. Èyí tí ó kù lọ́rùn òṣèré, kí Ọlọ́run wọ̀n ọ́n. Ní 1947, nígbà tí wọ́n díbò lórí àwọn òṣèré tí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn jù lọ, orúkọ ọmọ Òkè Sùnnà wà lára 15 àkọ́kọ́.

A dé ibi tí a fẹ́ràn jù lọ báyìí, a ó sì gba àyè díẹ̀. Ní 1945, Martins ti kópa lórí ìtàgé ní London nínú eré kan tí John Patrick, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ. The Hasty Heart ni wọ́n ń pè é. Ní 1949 wọ́n sọ ọ́ di fíìmù, Vincent Sherman ni ó darí rẹ̀, wọ́n sì tún pe Martins sí ipa rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Bọ́mà ni ìtàn náà ti wáyé, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ìlú wa mọ Bọ́mà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ilẹ̀ wa ni ó lọ jà nínú igbó rẹ̀, nígbà tí a sì wà ní kékeré, kò sí àdúgbò tí a kì í ti gbọ́ pé bàbá báyìí ti jagun Bọ́mà.

Àwọn aláìsàn bíi mélòó kan wà nínú yàrá náà: ará Amẹ́ríkà kan, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ará Ọsirélíà kan, ará New Zealand kan, àti ọmọ ogun dúdú kan, ará Basuto láti ìhà gúúsù Áfíríkà. Blossom ni wọ́n ń pe ọkùnrin dúdú yìí. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Orúkọ tí wọ́n fún un yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. A sì mú ọmọ Skọ́tíláǹdì kan wọlé, Lachie ni orúkọ rẹ̀, agbéraga, akanra, ẹni tí kò fẹ́ oore ẹnikẹ́ni. Dókítà mọ̀ pé kíndìnrín kan tí ó kù fún un ti ń bàjẹ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò kú, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún un. Wọ́n bẹ àwọn aláìsàn yòókù kí wọ́n fi í ṣe ọ̀rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn ọkùnrin náà rọ̀. Wọ́n kó aṣọ ìbílẹ̀ Skọ́tíláǹdì jọ fún un ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ sì kún.

Ìgbà náà ni ó wá mọ̀ pé òun yóò kú, àti pé gbogbo wọn ti mọ̀. Ó rò pé àánú ni, kì í ṣe ìfẹ́. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó ń múra láti lọ. Blossom dìde, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ní lọ́wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Lachie kọ̀ ọ́. Ará Amẹ́ríkà náà ni ó wá la ojú rẹ̀: Blossom kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọ̀nà tí ó fi lè mọ̀ pé ikú ń bọ̀, nítorí náà ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àánú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yí ọkàn ọkùnrin náà padà.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń wo iṣẹ́. Richard Todd tí ó ṣe Lachie sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sọ ọ́ dáadáa, Amẹ́ríkà sì ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó tọ́ sí ẹ̀bùn Oscar. Patricia Neal ṣe nọ́ọ̀sì. Ronald Reagan ni ará Amẹ́ríkà náà, ẹni tí ó wá jẹ Ààrẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti 1981 títí di 1989. Láàárín gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan ni a fún ọmọ Èkó yìí, lórí ìwà rẹ̀ sì ni ìkòkò ìtàn náà dúró. Bí ojú Blossom bá fi ẹ̀tàn hàn díẹ̀ péré, bí ó bá rẹ́rìn-ín jù tàbí tí ó bá tẹrí ba jù, gbogbo rẹ̀ dàrú, a kò ní gba á gbọ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́. Kò ṣe àṣejù. Ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ń wo àwọn tí ń sọ̀rọ̀ bí àgbà ilé ti ń wo àwọn ọmọ tí ń jà. A kò gbàgbé pé àwọn tí ó kọ ọ́ ni ó gba èdè lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Basuto ní èdè tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí Martins fi dídákẹ́ ṣe kọjá ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ní ọdún 1945 yẹn kan náà, Hubert Ogunde wà ní Èkó, ó ń ṣe eré tirẹ̀ nípa ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ní èdè wa, pẹ̀lú ilù wa, kò sì pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ọkàn wa máa ń lọ síbẹ̀. Ọ̀kan ní ìtàgé tirẹ̀ kò sì ní owó. Èkejì rí owó díẹ̀, kò ní ìtàgé.

Láti ìgbà náà lọ ni iṣẹ́ ń tẹ̀ lé iṣẹ́, a kò sì ní ka gbogbo wọn. Wọ́n ń gbé e láti London padà sí Áfíríkà láti ṣe ará Áfíríkà: sí Kenya fún Where No Vultures Fly ní 1951, níbi tí ó ti ṣe M'Kwongi, ó sì tún ṣe M'Kwongi kan náà nínú West of Zanzibar ní 1954. Ó ṣe baálẹ̀ nínú Simba ní 1955, fíìmù nípa ogun Mau Mau tí ó gbè sẹ́yìn àwọn Òyìnbó olóko. Ní 1957 ó jẹ oyè nínú ọ̀kan lára àwọn fíìmù Tarzan. Ogonooro ni wọ́n pe ìjòyè náà, a kò sì mọ ilẹ̀ tí a ti ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe Kalulu pẹ̀lú Audrey Hepburn nínú The Nun's Story ní 1959. Lọ́dún kan náà, nínú Sapphire, fíìmù nípa ìkórìíra aláwọ̀ dúdú ní London, tí ó jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ìjà Notting Hill, ó ṣe olùtajà ọtí. Ipa kékeré ni, ṣùgbọ́n ó wọ kóòtù, ó ń gbé London, bí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbé e láti nǹkan bí ogójì ọdún.

Ní 1959 yìí ni ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Èkó. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Òmìnira ku ọdún kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún náà sì ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn tí ó ti lọ ìlú Ọba tí wọ́n sì padà mọ bí ó ti rí: àwọn tí ẹ jọ dàgbà ti kú, àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ yín. Àwọn Òyìnbó ṣì ń ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ fún Sammy Going South àti Call Me Bwana, tí méjèèjì jáde ní 1963, àti fún Mister Moses ní 1965. Baálẹ̀ ni nínú èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe.

Lẹ́yìn náà ni sinimá tiwa dé. Francis Oladele dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ṣe fíìmù ní ilẹ̀ wa, ó sì mú Kongi's Harvest, eré tí Wole Soyinka kọ. Ossie Davis, ọmọ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó darí rẹ̀, Soyinka fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Kongi, fíìmù náà sì jáde ní 1970. Soyinka kò fẹ́ràn ohun tí wọ́n sọ eré rẹ̀ dà, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé Orlando Martins, ẹni àádọ́rin ọdún, wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn K'Lova, lẹ́yìn Magole, lẹ́yìn Blossom, M'Kwongi, Ogonooro àti Kalulu, Dókítà Gbenga ni wọ́n pè é. Gbenga: orúkọ tí ìyá rẹ̀ lè pè láìkọsẹ̀. Nígbà tí Oladele sì tún fi ìwé Chinua Achebe ṣe fíìmù ní 1971, ní abẹ́ ìdarí Hans Jürgen Pohland ará Jámánì, Martins ni Obierika, ọ̀rẹ́ Okonkwo, ẹni tí ń ronú nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jà. Ipa ẹ̀gbẹ́ ni síbẹ̀. Kò di olórí ìtàn rí títí ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ni ó kú ní Èkó, ẹni ọdún 85, a sì sin ín sí ìtẹ́ òkú Ìkòyí. Reagan tí ó bá a jókòó nínú yàrá àwọn aláìsàn nínú The Hasty Heart ṣì wà lórí àga Ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀ ni Takiu Folami ti kọ ìwé nípa ayé rẹ̀, ní 1983. A ti wá ìwé náà ní ilé ìtàwé títí, a kò rí i rà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ará wa ní London, ní Èkó tàbí níbikíbi bá ní ẹ̀dà kan, a bẹ̀ yín kí ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́, kí ó lè wà nínú yàrá ìkàwé ilé ìwé wa. Ní ti fíìmù, ọ̀rẹ́ wa kan nílẹ̀ òkèèrè ti bá wa rí The Hasty Heart, a sì ti fi apá kan rẹ̀ han àwọn ọmọ kíláàsì. Wọ́n wò ó láìpariwo. Nígbà tí ó parí, ọmọkùnrin tí ó ti pè é ní agbábọ́ọ̀lù tún nawọ́ sókè, ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn Òyìnbó tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ mọ̀ pé Yorùbá ni.